Ìkíni Ni Mo Fi Bẹ̀rẹ̀ Òwò

Agogo mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ni ó bẹ̀rẹ̀, ní ìgbà ọyẹ́, ní ọdún tí mo wà ní ìwé kẹrin ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Agogo náà dá mi lójú, nítorí rédíò Ìyá Bọ́sẹ̀, tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí tiwa ní ọjà Ìtòkú, ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìròyìn ni. Ọyẹ́ ti mú kí ètè mi là, ìyá mi sì ti fi òrí pa á kí a tó kúrò nílé. Mo ṣì ń gbóòórùn òrí yẹn, pẹ̀lú òórùn aró tó ń fẹ́ wá láti ẹ̀yìnkùlé àwọn aláró, àti ti làfún tí wọ́n sè láti fi ya iṣẹ́ ọnà sára aṣọ. Làfún tí a ń jẹ lálẹ́ náà ni, ṣùgbọ́n tó bá ti kan aṣọ, òórùn rẹ̀ a yàtọ̀, a máa kan díẹ̀díẹ̀. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn rẹ̀ níbikíbi, inú mi a kọ́kọ́ dùn, lẹ́yìn náà àyà mi a já. Mo fẹ́ gbìyànjú láti ṣàlàyé ìdí tí méjèèjì fi ń ṣẹlẹ̀ pọ̀, nítorí ìpinnu kan wà níwájú mi tí mo gbọ́dọ̀ ṣe kí ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ yìí tó pé, mo sì gbà pé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá ni àárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Kí n má fepo bọyọ̀, ìpinnu náà nìyí. Ìmọ̀ ìṣòwò ni mo kà ní yunifásítì. Mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán ní òkè Ọya, mo ti padà sílé, mo sì ti jókòó tí n kò ríṣẹ́ títí ojú fi bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí láti gba oúnjẹ lọ́wọ́ ìyá mi. Àfi bí iṣẹ́ méjì ṣe dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan wà ní ọ́fíìsì kan ní Ìbarà nílùú wa níhìn-ín, níbi tí n ó ti máa to fáìlì, tí ẹnikẹ́ni kò ní fẹ́ gbóhùn mi láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Èkejì jẹ́ ti ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ọṣẹ ní Èkó. Wọ́n fẹ́ kí n máa lọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, kí n máa bá ẹni tí n kò mọ̀ rí sọ̀rọ̀ títí yóò fi gba ọjà wa. Iṣẹ́ kejì yìí gan-an ni mo kàwé fún. Òun náà ló ń bà mí lẹ́rù. Kì í ṣe Èkó ni mo ń bẹ̀rù o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ẹnu ara mi ni.

Ìyá mi ń ta àdìrẹ. Ọwọ́ ìyá tó bí i ló ti gba ìsọ̀ náà, gbogbo Ìtòkú sì ń pè é ní Ìyá Rìsí, nítorí èmi Rìsíkátù ni àkọ́bí rẹ̀. Àdúgbò Òwu ni à ń gbé. Bí mo bá ti kúrò nílé kéú ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, òun àti èmi a jọ rìn lọ sọ́jà, a gbé ẹrù lé e lórí, ọwọ́ mi a wà nínú ọwọ́ rẹ̀. Ojú ọ̀nà yẹn ni mo ti kọ́kọ́ kọ́ ìṣòwò, kí n tó mọ̀ pé ènìyàn lè lọ kọ́ ọ ní yunifásítì.

"Kíkí lọjà àkọ́kọ́ tí à ń tà," ni ó máa ń wí. "Ẹni tí kò bá ra ìyẹn lọ́wọ́ rẹ, kò ní í ra aṣọ."

Nítorí náà, ó kọ́ mi ní kíkí bí àwọn ẹlòmíràn ti ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò. Bí a bá kọjá lára àwọn aláró, mo gbọ́dọ̀ kí wọn pé, "Àrẹ̀dú o." Ẹni tó ń dirun, "Ojú gbooro o." Ẹni tó pàtẹ, "Ajé á wọ igbá o." Ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, "Ẹ kú ọwọ́ lómi." Ẹni tó lóyún, "Àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní o." Bí mo bá kí i bó ti yẹ, ìyá mi kò ní í yìn mí, ṣùgbọ́n yóò rọra fún ọwọ́ mi mọ́ inú tirẹ̀. Bí mo bá ṣì í kí, kò ní í sọ nǹkan kan títí a ó fi kọjá ẹni náà dáadáa, nígbà náà ni yóò tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tòun ti ẹrù lórí, yóò ní, "Àjọkẹ́ mi, gbọ́." Oríkì mi ni Àjọkẹ́. Òun nìkan ló ń fi í pè mí.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé n kì í ṣe ọmọ tó lẹ́nu. Níléèwé, ọmọ tó bá dákẹ́ ni tíṣà wa máa ń yìn, èmi ni wọ́n sì máa ń yìn jù. Àwọn aláriwo a máa jẹgba, èmi a fọwọ́ lẹ́rán. Ọjà nìkan ni wọ́n ti ní kí n gbóhùn sókè, inú mi sì ń dùn sí i ju bí mo ti lè sọ lọ. Ó dà bí ẹni pé ọmọ méjì ni mí, pé èyí tó wà ní Ìtòkú ni ìyá mi bí gan-an.

Ní àkókò yẹn, kàm̀pálà, àdìrẹ tí a fi aró òyìnbó pa, ti gbòde. Àwọ̀ rẹ̀ pọ̀, kì í pẹ́ẹ́ ṣe, àwọn èèyàn sì ń rà á bí ẹni ra omi lọ́jọ́ ọ̀gbẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ aláró ti fi ẹ̀lú, ewé tí a fi ń ṣe aró, sílẹ̀. Ìyá mi kò fi í sílẹ̀, nítorí náà ìsọ̀ wa dákẹ́ ju ti àwọn yòókù lọ. Nígbà tí ó wá gbọ́ pé obìnrin kan ń ti Ìbàdàn bọ̀, tó ń wá aládìrẹ tí kò tíì fi ẹ̀lú sílẹ̀, kí ó lè máa kó aṣọ lọ́wọ́ onítọ̀hún nígbà gbogbo, ó fọ ìsọ̀ náà mọ́, ó sì fi aṣọ oníko, èyí tí a fi ìko dì kí a tó rẹ ẹ́ sínú aró, tó dára jù síwájú. Ó ní, "Rìsí, ìwọ lo máa kọ́kọ́ kí i. Kí ohùn rẹ jáde."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn nìyẹn. Obìnrin náà sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní gáréèjì Kútọ̀, ó wá bá wa. Mo rí i láti òkèèrè, ó ń rìn jẹ́jẹ́ láàárín àwọn tó ń fi kùmọ̀ lu aṣọ kí ó lè dán. Ó ga, ó wọ bùbá funfun, ọwọ́ rẹ̀ kan sì wà lórí ikùn. Ikùn náà yọ síwájú rẹ̀ rondo lábẹ́ ìró. Orí mi wú. Mo mọ kíkí yẹn! Mo kúnlẹ̀ kí ó tó dé iwájú wa, mo sì fi gbogbo èémí mi pariwo pé:

"Ẹ káàárọ̀ o, mà! Àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní o, mà!"

"Àmín o!" Ìyá Bọ́sẹ̀ gbà á láti òdìkejì, òun tí kì í jẹ́ kí àdúrà kọjá lójúde rẹ̀. "Wẹ́rẹ́ lewé ń bọ́ lára igi! Akọ ni o, ẹ wo bó ṣe yọ síwájú!"

"Akọ kẹ̀?" ẹnìkan dáhùn láti ìsọ̀ kejì. "Abo ni jàre! Ẹ ò rí ojú rẹ̀ bó ṣe ń dán?"

"Ìyá Bọ́sẹ̀, tẹ́tẹ́ lẹ fẹ́ ta ni?"

"Mo ní akọ ni! Ẹ yáa ṣe àmín, kò ní í dín yín kù."

Àmín náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, títí dé ìkángun ọ̀nà, bí ìgbà tí ènìyàn bá ta omi sílẹ̀ tó ń ṣàn. Obìnrin náà dúró láàárín rẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n. Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, mò ń retí kí ìyá mi yọ ọwọ́ wá kí ó fún tèmi mọ́ra.

Ohun tó wà níkùn rẹ̀ kì í ṣe oyún. Owó ọjà rẹ̀ ni. Ẹ̀yin tí ìyá yín bá ṣòwò ọ̀nà jíjìn yóò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é nígbà náà: wọn a fi ọ̀já di owó mọ́ ikùn lábẹ́ ìró, nítorí àwọn jáwójáwó inú gáréèjì. Kò sì lè sọ pé, "Owó ni o," lójú gbogbo àwọn tó ń rìn lọ rìn bọ̀. Kò sì lè sọ pé oyún ni. Obìnrin náà kò bímọ rí. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo ti wá gbọ́ gbogbo èyí lẹ́yìn náà. Ní ìdúró yẹn, ojú rẹ̀ nìkan ni mo rí, mo sì mọ̀ pé ohun tí mo fi ayọ̀ sọ ti di nǹkan mìíràn nígbà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ìyá mi mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Òun náà ti di irú ẹrù bẹ́ẹ̀ rí. Ó jáde, kò wò mí. Ó kàn lọ dúró sí àárín obìnrin náà àti gbogbo ojú tó ń wò ó, ó kọ ẹ̀yìn sí ọjà, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. "Ẹ kú ìrìn, mà. Ẹ wọlé, ẹ wá jókòó." Ó mú un wọ ẹ̀yìn aṣọ tí a so kọ́. Kò fi aṣọ kankan hàn án. N kò lè gbàgbé ìyẹn. Oníbàárà tí a ti fọ ilẹ̀ dè jókòó sáàárín aṣọ wa, ìyá mi kò sì tú ẹyọ kan.

Mo gbọ́ ohùn obìnrin náà, ó lọ sílẹ̀ gan-an. "Ọmọ yín kò mọ̀. Kò sẹ́ni tó kí mi bẹ́ẹ̀ rí láyé mi ni." Lẹ́yìn náà ó nu ojú, ó ní òun yóò máa padà lọ. Ìyá mi kò bẹ̀ ẹ́ kí ó dúró. Ó sìn ín dé Kútọ̀, ó sì fi mí sílẹ̀ lọ́dọ̀ Ìyá Bọ́sẹ̀, tó ti wá mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́, tó ká ọwọ́ lérí, tó ń wí pé, "Yéè, ẹnu mi yìí! Ta ló rán mi ní akọ? Ta ló rán mi?"

Nígbà tí ìyá mi dé, mo ti ń sunkún. Mo rò pé yóò nà mí. Ó jókòó sórí àpótí, ó fà mí sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ní, "Ẹyin lohùn, Àjọkẹ́. Ṣùgbọ́n ìwọ kọ́ lo jù ú mọ́lẹ̀. Èmi ni mo gbé e lé ọ lọ́wọ́, tí n kò kọ́ ọ bí a ti ń wo ibi tí à ń gbé e sí." Ó fi etí ìró rẹ̀ nu imú mi. "Oyún, ẹnu ẹni tó ni ín la ti ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ẹni tó bá dúró níwájú rẹ, ojú rẹ̀ ni kí o wò. Òun ni kí o kí. Má kí ikùn rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà yé mi jù. Láti ọjọ́ yẹn, bí oníbàárà bá dé, èmi a kúnlẹ̀, èmi a gbójú sókè wò ó, ohùn kò ní í jáde. Mo ń rò ó pé kí ni mo mọ̀ nípa ẹni yìí? Kí ló dì síkùn? Ta ló kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lánàá? Gbogbo kíkí tí mo mọ̀ wá dà bí ọ̀bẹ tí n kò mọ ibi tí ojú rẹ̀ wà. Ìyá mi tí ì bá fi ẹgba là mí lẹ́nu kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n máa kí aṣọ. Òótọ́ ni mo sọ. Bí a bá ṣí ìsọ̀, tí à ń tú ẹrù, yóò ní, "Kí èyí. Kò ní í bínú." Èmi a sì máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí aṣọ oníko pé, "Ẹ káàárọ̀, mà," títí ẹ̀rín yóò fi pa àwa méjèèjì.

Ìyá Bọ́sẹ̀ náà gbìyànjú tirẹ̀. "Rìsí, kí mi, n ó fún ẹ lákàrà." Mo gba àkàrà náà, mo kúnlẹ̀, n kò sọ̀rọ̀. Ó ké sí ìyá mi: "Ìyá Rìsí, ọmọ yín ti mòwò o! Ó gba ọjà, kò fún mi ní nǹkan kan!"

A ti ṣe Iléyà kọjá kí obìnrin náà tó padà wá. Mo rí i, mo sì sá sẹ́yìn aṣọ. Ó jókòó, ó kí ìyá mi, ohun tó sì kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Ọmọ yín ńkọ́?"

Ìyá mi ní mo wà nítòsí.

"Mo ti bínú sí i," ni ó wí. "Mo délé, mo sunkún títí. Lẹ́yìn náà ni mo wá rò ó. Gbogbo ẹni tó mọ̀ mí ló ti jáwọ́ nínú àdúrà yẹn. Wọ́n ń ṣàánú mi, wọn kì í fẹ́ dárúkọ rẹ̀ létí mi. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti wò mí bí ẹni tí nǹkan ayọ̀ ṣì lè ṣẹlẹ̀ sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó jáde wá kí mi."

"Tó bá wù ú ni o, mà," ni ìyá mi fèsì. "N kì í fipá ṣí i lẹ́nu."

N kò lè sọ bí mo ti pẹ́ tó lẹ́yìn aṣọ yẹn. Mo mọ ohun tí wọ́n ń retí, mo sì mọ̀ pé n kò ní í lè sọ ọ́ láéláé. Nígbà tí mo jáde, mo ṣe bí ìyá mi ti wí, mo wo ojú rẹ̀. Eruku ọ̀nà wà lára ìpéǹpéjú rẹ̀. Ó rẹ̀ ẹ́. Mo kúnlẹ̀, ohùn mi sì jáde, ó kéré bíi ti ẹyẹ:

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà. Ẹ kú ewu ọ̀nà."

Ó wò mí, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Ìyẹn náà dára," ni ó wí. Ó fi ọwọ́ nu ojú mi bí ẹni pé èmi ni eruku bò. Ìgbà náà ni ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í tú aṣọ. Nígbà tó tó àkókò láti mọ orúkọ tí a ó máa pè é, a kò mọ bí a ó ti bi í, nítorí orúkọ ọmọ ni a fi ń pe obìnrin lọ́jà wa. Òun fúnra rẹ̀ ló tú wa sílẹ̀. Ó ní kí a máa pe òun ní Àǹtí Ìbàdàn.

Ó ń ra aṣọ lọ́wọ́ wa títí mo fi wọ iléèwé girama. Mo mọ̀ pé ẹ ń retí kí n sọ pé ó bímọ. Èmi náà retí rẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá yọ láti ìkángun ọ̀nà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Kò bí. N kò sì tíì mọ ohun tí mo lè fi ìyẹn ṣe nínú ọkàn mi títí di òní.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ ọlọ́ṣẹ yẹn fẹ́ dán wa wò, wọ́n kó àwa tí a ń wáṣẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìyá kan, kí oníkálukú wọlé lọ polówó ọṣẹ fún un. Àwọn tó ṣáájú mi sọ̀rọ̀ bí òjò. Nígbà tó kàn mí, mo dúró, mo wo ojú ìyá náà, gbogbo ohun tí mo há sórí sì fò lọ. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ kú ìfaradà o, mà." Ẹ̀rín pa á tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi di káńtà mú. Ó ní, "Ọmọ mi, jókòó jàre, àwọn èèyàn yín ti pa mí." A sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ọṣẹ, púpọ̀ nípa ẹ̀yìn tó ń ro ó. Mo jáde, mo rò pé mo ti ba iṣẹ́ náà jẹ́. Èmi ni wọ́n mú.

Ẹ ó ní, kí ló tún kù? Ohun tó kù ni pé n kò mọ̀ bóyá mo mọṣẹ́ ni tàbí orí ló yọ mí. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọ inú ọyẹ́ yẹn kò mọ nǹkan kan, ó sì lanu rẹ̀ gbàgà sí ayé. Èmi mọ̀ díẹ̀, mo sì ń ro ọ̀rọ̀ kan títí ẹni tí mo fẹ́ sọ ọ́ fún yóò fi kọjá. Mo sọ fún ara mi pé ìwà pẹ̀lẹ́ ni. Nígbà mìíràn mo gbà pé ìwà pẹ̀lẹ́ ni lóòótọ́. Nígbà mìíràn mo mọ̀ pé ojo ni mí.

Mo bi ìyá mi léèrè. Ó ń ká aṣọ, kò dáwọ́ dúró. "Ìtòkú ni mo mọ̀," ni ó wí. "Ìwọ lo máa kí ará Èkó, kì í ṣe èmi."

Nítorí náà ẹ̀yin ni mo ń bi, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ ti wọ iṣẹ́ ṣáájú mi. Ṣé kí n gba ti Ìbarà, kí n máa to fáìlì tí kì í sunkún? Àbí kí n lọ sí Èkó? Bí ẹ bá sì ní kí n lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn sọ pé kí n mọ́kàn le. Ẹ sọ fún mi bí ẹ ti ń ṣe é: ní ọjọ́ tí ẹ bá ṣi ẹnìkan kí, tí ojú rẹ̀ sì pọ́n níwájú yín, tí kò sí ìyá ẹnikẹ́ni nítòsí tí yóò wá dúró sáàárín, ọ̀rọ̀ wo lẹ fi ń bẹ̀rẹ̀ padà?